Bọ́ǹdì tí Bàbá Fi Sílẹ̀ ní Tamale

Nígbà tí ìjọba Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù wọn, ọdún tí bàbá mi ti lò ní Tamale ti pọ̀ ju èyí tó lò ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ. Ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ló ń tà ní ọjà ńlá àárín ìlú: táyà, ṣéènì, pẹ́dà, bẹ́ẹ̀lì tó ń dún kíríŋ-kíríŋ. Àwọn àgbẹ̀ máa ń ti abúlé wá sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, wọ́n á jókòó sórí àpótí níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á mu omi, wọ́n á sọ̀rọ̀ òjò àti iṣu kí wọ́n tó sọ ohun tí wọ́n fẹ́ rà. Ó gbọ́ Dàgóńbà, ó gbọ́ Haúsá, ṣùgbọ́n Yorùbá ló fi ń gbàdúrà. Ọmọ méjì ló bí, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti èmi. Tamale ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí.

Ṣáájú ìgbà yẹn, nígbà tí owó Gánà ṣì jẹ́ pọ́ùn, ìjọba ní kí àwọn aráàlú yá òun lówó kí òun fi tún ilẹ̀ náà ṣe. Wọ́n á kọ iye tí ẹni kọ̀ọ̀kan mú wá sórí ìwé, wọ́n á lu òǹtẹ̀ lé e, wọ́n á ní bó bá pé ọdún mẹ́wàá kí ó mú ìwé náà padà wá, kí ó wá gba owó rẹ̀ pẹ̀lú èlé. Bọ́ǹdì ni wọ́n ń pè é. Àwọn oníṣòwò ẹgbẹ́ bàbá mi ráhùn, wọ́n fi ìwọ̀nba díẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n má bàa rí ìjọba fín. Bàbá mi ò ráhùn. Ọgọ́rùn-ún pọ́ùn ló kó lọ. Lásìkò náà, ọgọ́rùn-ún pọ́ùn á ra kẹ̀kẹ́ tuntun márùn-ún, owó á sì tún ṣẹ́kù.

Ìyá mi bínú. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò nígbà tó bi í pé, "Ṣé àwọn onílùú fúnra wọn yá wọn tó báyìí?"

Bàbá mi ní, "Ìlú tó ń bọ́ mi ni. Bó bá ní kí n yá òun lówó, ṣé kí n ní mi ò ní?"

Nígbà tó yá, ìlú tó yá lówó ní kó máa lọ.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n fún wa. Gbogbo ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ di owó, gbogbo ẹni tó ń bọ̀ wá rà á ló sì mọ̀ pé tipátipá là ń tà. Àwọn tó ti ń jókòó sórí àpótí bàbá mi láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú dé pẹ̀lú ojú àánú, wọ́n ń fọwọ́ tẹ táyà wò, wọ́n ń dá iye tó wù wọ́n lé e. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé, "Bàbá, kì í ṣe pé mo fẹ́ rẹ́ ọ jẹ o. Ṣùgbọ́n bó o bá fi í sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni n ó gbé e." Bàbá mi kó àwọn táyà náà fún un.

Ó mú bọ́ǹdì lọ sí báǹkì. Èmi ni mo bá a lọ. Akọ̀wé tó wà lẹ́yìn kántà wò ó, ó ní kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, àwọn ò lè san án.

Bàbá mi ní, "Ẹ ní kí n máa lọ. Bí mo bá ti lọ, ta ló máa gbà á?"

Akọ̀wé náà ní, "Bó bá pé, kí ẹ padà wá."

Kì í ṣe pé ó ń fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ láti máa sọ ló sọ. Síbẹ̀, mo rí i bí bàbá mi ṣe dúró níbẹ̀, tó ń wo ẹnu ọkùnrin náà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Èmi ò bá wọn lọ. Mo ti lọ́kọ nígbà náà. Ọmọ Dàgáátì ni ọkọ mi, káfíńtà ni, onílùú sì ni, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè lé mi. Bàbá mi ti bá mi jà lórí ìgbéyàwó náà. Ó ní kí ló dé tí n ò lè rí ọmọ Yorùbá kan fẹ́ nínú gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, ọwọ́ èmi tó bá jà yìí náà ló fi bọ́ǹdì sí. Ó ti fi ìwé ìròyìn wé e, ó tún fi ọ̀rá wé e lé e lórí.

Ó ní, "Má gbà á. Má jẹ́ kí ọkọ rẹ fọwọ́ kàn án. Mò ń padà bọ̀."

Wọ́n gun ọkọ̀ ẹrù, òun, ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá wa tán. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ fún un. Orí àpò ẹrù ló jókòó sí, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, kò sì juwọ́.

Ilé ọkọ mi wà ní Nyohini, àdúgbò kan ní Tamale. Yàrá kan la háyà nínú agboolé kan. Mo ń dín àkàrà, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní kóósè, lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀. Ọkọ mi ń bá iléeṣẹ́ tó ń tún ilé ìjọba ṣe ṣiṣẹ́. Mo tọ́jú bọ́ǹdì sísàlẹ̀ àpótí aṣọ mi. Nígbà tó pé, mo kọ̀wé sí bàbá mi pé ó ti pé, kí ni kí n ṣe?

Ó dá èsì padà pé, "Owó Gánà ò ṣeé ná níbí. Jẹ́ kó wà níbẹ̀, kó máa bímọ. Bí mo bá dé, òun ni n ó fi bẹ̀rẹ̀."

Mo ka ìwé náà títí. Ó yé mi pé bí mo bá gba owó yẹn, bí ẹni pé mo sọ fún un pé kò ní í padà wá mọ́ ni. N ò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Mo dá bọ́ǹdì padà sísàlẹ̀ àpótí.

Àsìkò yẹn ni bàbá àgbẹ̀ kan tí ọkọ mi ti ṣe ìlẹ̀kùn fún sọ fún un nípa ilẹ̀ kan ní Gurugu, ní etí ìlú. Oko ẹ̀pà ni Gurugu púpọ̀ nígbà náà. Bàbá náà ní òun á mú un lọ sọ́dọ̀ olóyè, kí ó mú owó obì lọ, wọ́n á sì fi ilẹ̀ hàn án. Ọkọ mi dé, ó jókòó tì mí níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà.

Ó ní, "Owó bàbá rẹ yẹn. Bá wa yá ìdajì rẹ̀. Kó tó dé, mo ti dá a padà."

Mo ní, "Kì í ṣe tèmi."

"Mo mọ̀. Yíyá ni mo ní."

"Ó ní kí n má jẹ́ kí o fọwọ́ kàn án."

Ó bọ́ mi lẹ́nu ni. N ò fẹ́ kó gbọ́ ọ rárá. Ó wò mí, ó dìde, ó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀. Kò tún dárúkọ bọ́ǹdì náà mọ́. Ẹnì kan tó ń ta símẹ́ǹtì ló gba ilẹ̀ yẹn. Nígbà tó kọ́lé síbẹ̀, ọkọ mi ló gbà láti kan òrùlé rẹ̀. Ó ń lọ síbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, ó ń kan páànù sórí ilé tí ì bá jẹ́ tirẹ̀, ó sì ń mú owó iṣẹ́ náà wá fún mi kí n fi ra ẹ̀wà.

Bàbá mi ò padà wá. Lẹ́tà ni wọ́n fi sọ fún mi pé ó ti kú, wọ́n sì ti sin ín kí lẹ́tà náà tó dé. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ ọ́. Ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ dá lórí ikú bàbá wa. Gbogbo ìyókù, bọ́ǹdì ni. Ó ní kí n lọ gba owó náà kíá, kí n wá ẹni tó ń bọ̀ ní Nàìjíríà fi rán sí òun.

Mo lọ sí báǹkì. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ báyìí ò tilẹ̀ ṣí ìwé náà. Ó béèrè ẹni tó ni orúkọ tó wà lórí rẹ̀, mo ní ó ti kú. Ó ní àfi kí ajogún rẹ̀ mú ìwé kóòtù wá, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun ò lè bá mi sọ ohunkóhun. Mo kọ èyí ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi bó ṣe rí. Ó kọ̀wé padà pé àwáwí ni.

Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Àkókò tí epo ń da owó sí Nàìjíríà nìyí. Gbogbo èèyàn ló ń kọ́lé, ẹ̀gbọ́n mi náà sì ti fi ìpìlẹ̀ ilé kan lélẹ̀, ó ní owó bàbá wa tó wà ní Gánà ni àwọn fi máa bo orí rẹ̀. Ó sọ fún birikìlà, ó sọ fún àwọn àgbà ilé. Nígbà tí owó ò dé, ó ní láti rí nǹkan sọ fún wọn. Ohun tó sọ ni pé èmi àti Dàgáátì mi ti jókòó ti owó náà, à ń jẹ èlé rẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀.

Ẹni tó sọ èyí fún mi ni arábìnrin kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa tó máa ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tó sì ń padà wá. Ó wá bá mi níbi ìdí àkàrà, ó ní òun rí ìyá mi, ara rẹ̀ le, ó ní kí òun kí mi. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyá ní kí n bi ọ́ bóyá lóòótọ́ ni."

Mo ní, "Kí ni wọ́n ní mo ṣe?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, kò wo ojú mi. Ó ń wo inú epo tó ń hó.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fi máa wá fúnra rẹ̀, ayé ti bàjẹ́ ní Gánà. Ọṣẹ ò sí, ṣúgà ò sí, mílíìkì inú agolo di ohun tí à ń fi bẹ ènìyàn. Ohun tó bá dé sílé ìtajà ìjọba kì í pẹ́ bá ẹ̀yìnkùlé jáde, àwọn oníkàlábúlé, ìyẹn àwọn oníṣòwò abẹ́lẹ̀, á wá máa tà á ní iye tó bá wù wọ́n. Àwọn ọjọ́ kan wà tí n kì í dáná àkàrà nítorí pé owó òróró ju owó àkàrà lọ. Ọkọ mi ń gba owó oṣù rẹ̀ pé, kò sì tó wa jẹ dé ìdajì oṣù. Aṣọ mi ti ń tóbi jù mí lọ.

Ó dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan, tòun ti àpótí ńlá, eruku ọ̀nà bò ó dé ìpéǹpéjú. A ò tíì rí ara wa láti ọjọ́ tó ti gun ọkọ̀ ẹrù. Ó ti sanra. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo ń sunkún, òun náà sì nu ojú. Ó ṣí àpótí, ó kó ọṣẹ jáde, ó kó ṣúgà jáde, òróró, bàtà fún àwọn ọmọ mi. Ó ní Ìyá fi ọṣẹ méjì àti gèlè kan rán òun sí mi. Ojú rẹ̀ ń lọ yíká yàrá: bẹ́ẹ̀dì, àga kan, ìkòkò. Ó ń wá ibi tí owó náà wà. Mo rò nínú ara mi pé, ó dára bẹ́ẹ̀, kó wò ó dáadáa. Bó bá ti fojú ara rẹ̀ rí bí a ṣe ń gbé, ọ̀rọ̀ náà ti parí.

Ní ọjọ́ kejì, a lọ sí báǹkì. Ó ti gba ìwé kóòtù wá láti ilé. Akọ̀wé ọjọ́ náà kéré lọ́jọ́ orí, ó sì mọ ènìyàn kí. Haúsá ni wọ́n jọ ń sọ. Ó ṣí ọ̀rá, ó ṣí ìwé ìròyìn tí bàbá mi fi wé bọ́ǹdì, ó tẹ́ bọ́ǹdì sílẹ̀, ó mú bírò.

Ó ní, "Irú èyí ò wọ́pọ̀ mọ́. Àwọn tó ni ín ti gbà á tipẹ́."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àwa jẹ́ kó pọ̀ sí i ni."

Ọmọkùnrin náà gbé ojú sókè. "Kò pọ̀ sí i, ẹ̀gbọ́n. Ọjọ́ tí ọdún mẹ́wàá pé ni èlé ti dúró."

Ó wá ṣàlàyé, ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ní nígbà tí owó kúrò ní pọ́ùn tó di sídì, wọ́n yí gbogbo rẹ̀ padà. Wọ́n tún yí sídì fúnra rẹ̀ padà lẹ́yìn ìyẹn. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, pọ́ùn kọ̀ọ̀kan di sídì méjì. Bí a bá fi èlé ọdún mẹ́wàá kún un, kò pé ọ̀ọ́dúnrún sídì.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ọ̀ọ́dúnrún sídì ò ra ìdajì àpò àgbàdo ní ọjà Tamale.

Akọ̀wé ò tíì parí ọ̀rọ̀. Ó ní níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ẹni tó ni ín ti kú, ìwé wa gbọ́dọ̀ lọ sí Accra kí wọ́n tó lè san án, ó sì máa dára kí ọ̀kan nínú wa tẹ̀ lé e lọ. Mo ro owó ọkọ̀ Accra ní àlọ àti àbọ̀. Ó ju owó bọ́ǹdì lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ìka tẹ ìwé náà mọ́lẹ̀. "Ọgọ́rùn-ún pọ́ùn ló wà níbí. Kà á. Ṣé o ò lè kà ni?"

"Mo kà á, ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé o mọ ohun tí ọgọ́rùn-ún pọ́ùn jẹ́?"

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ nígbà yẹn kọ́ ló jẹ́ nísinsìnyí."

Nígbà náà ló yíjú sí mi, ó sì bọ́ sínú Yorùbá.

"Èló lo fún un?"

N ò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń sọ. Mo ní, "Ta ni?"

"Ọmọ yìí. Èló lo fún un kó tó sọ ohun tó sọ yìí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká délé."

"Ẹ ti gba owó bàbá mi, ẹ ti pín in, ẹ wá fi ìyókù sílẹ̀ kẹ́ ẹ fi tàn mí. Owó tí ìyá rẹ fi ń retí ilé!"

Akọ̀wé ò gbọ́ Yorùbá. Ìyá oníṣòwò kan tó wà lórí ìlà lẹ́yìn wa gbọ́ ọ. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni, Mùsùlùmí láti Ìlọrin. Ó máa ń ra àkàrà lọ́wọ́ mi. Ó gbé ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó ń tú etí aṣọ rẹ̀, ó ń tún un dì. Ìtìjú yẹn ló dùn mí jù lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí a délé, ọkọ mi ti iṣẹ́ dé. Ó gbọ́ Yorùbá tó láti mọ ohun tí wọ́n fi kàn wá. Ó jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó wá dìde, ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kúrò lára ògiri.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká jọ dé Gurugu. Ilé kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Mi ò wá wo ilé."

Ọkọ mi gbé kẹ̀kẹ́ náà padà síbi tó wà. Láti ọdún tó ti kan òrùlé yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó dárúkọ Gurugu létí mi. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló fẹ́ fi ilé náà hàn, èmi náà ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi di ẹrù rẹ̀. Ó kó ọṣẹ padà, ó kó ṣúgà padà, ó gbé òróró. Àwọn ọmọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń wò ó. Ó yọ ọṣẹ méjì àti gèlè kalẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ó ní, "Èyí tí Ìyá fi rán mi nìyí. Ìyókù, tèmi ni."

Bàtà ti wà lẹ́sẹ̀ àwọn ọmọ, kò bọ́ ọ. Mo ń rò ó títí dòní bóyá àánú ni, àbí ó gbàgbé.

Mo ti gbìyànjú láti rò ó ní ọ̀nà tirẹ̀ náà. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fẹ́ gbà fún un bọ́, ó dé ìlú tí kò mọ̀, àwọn mọ̀lẹ́bí bàbá rẹ̀ tó bá níbẹ̀ ń pè é ní ará Gánà. Bọ́ǹdì yẹn ni ohun kan ṣoṣo tó kù nínú ayé tí ì bá jẹ́ tirẹ̀. Mo mọ gbogbo ìyẹn. Ṣùgbọ́n èmi náà ní ohun tí mo pàdánù, n kò sì pe ẹnikẹ́ni lólè.

Ó mú bọ́ǹdì lọ. Mo rò pé kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ìwé lásán ni. N ò mọ̀ pé òun ni yóò fi rojọ́ mi. Ó dé Ògbómọ̀ṣọ́, ó pe àwọn àgbà ilé, ó tẹ́ ẹ síwájú wọn. Ta ni yóò ṣàlàyé sídì fún wọn? Ta ni yóò sọ fún wọn pé èlé ti dúró láti ìgbà tó ti pé? Ohun tí wọ́n rí ni òǹtẹ̀ ìjọba, orúkọ bàbá mi, àti ọgọ́rùn-ún pọ́ùn, tí wọ́n kọ gàdàgbà. Wọ́n mọ iye tí pọ́ùn jẹ́. Wọ́n rò ó sí náírà, wọ́n fi ọmọ tí wọ́n lérò pé ó ti bí lé e, wọ́n sì mi orí.

Mo kọ lẹ́tà gígùn sí ìyá mi. Mo kọ iye owó náà, mo kọ ohun tí akọ̀wé sọ, mo kọ iye tí àgbàdo ń lọ lọ́jà. Mo kọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Gurugu síbẹ̀, tí n ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ìyá mi ò mọ̀wé, nítorí náà mo fún arábìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo ní kó kà á sí i létí fúnra rẹ̀, kó má fún ẹlòmíràn kà.

Ó pẹ́ kó tó padà. Nígbà tó dé, mo lọ bá a nílé rẹ̀. Ó ní òun kà á, látòkè délẹ̀, àwọn méjì péré ló wà nínú yàrá.

Mo ní, "Kí ni Ìyá sọ?"

"Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé àwọn gbọ́."

"Ṣé wọ́n ní àwọn gbà mí gbọ́?"

Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Wọ́n ní àwọn gbọ́."